Oríta Ẹ̀yìn Kufena

Ọ̀tún ni, àbí òsì?

Rárá. Kí n má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé oríta náà, orí mi á kàn tẹ̀ lé e.

Ìsàlẹ̀, igi àjàgbọn ni. Abẹ́ rẹ̀ ni a ó fi ọkọ̀ sí, ní ẹ̀yìn òkè Kufena, níbi tí ọ̀nà oko ti parí. Kì í ṣe iwájú. Iwájú ni gbogbo ayé ń gbà, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ẹ̀yìn ni tiwa. Ọ̀nà àwọn ará àtijọ́ ni, àwọn tó gbé orí òkè yẹn kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ tó dé ìlú yìí. Ẹsẹ̀ wọn jẹ òkúta ibẹ̀ títí ó fi jìn, ó sì ń dán. Ihò kéékèèké wà lára àpáta níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Suwebat ìyàwó mi máa ń ki ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn, á ní, "Ìyá ẹnìkan ló jókòó síbí."

Igi àjàgbọn. Ó dáa.

Lẹ́yìn igi, Òpèlẹ́ńgẹ́. Òkúta gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ó dá dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Lẹ́yìn Òpèlẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó: òkúta dúdú tí ìlà funfun kan là kọjá láàárín rẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, Adúmáadán, àpáta pẹrẹsẹ tí omi ń sun lórí rẹ̀, ó ń dán, ó ń yọ̀. Ibẹ̀ la ti ń bọ́ bàtà, a ó tún wọ̀ ọ́ tí a bá kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn Adúmáadán, Ìbàdí-àrán, rìbìtì, koríko múlọ́múlọ́ bo gbogbo ara rẹ̀ bí aṣọ àrán. Lẹ́yìn Ìbàdí-àrán—

Oríta.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń dúdú lójú mi. Òkúta kan dúró láàárín, ó ga tó ènìyàn. Ọ̀nà ya sọ́tùn-ún rẹ̀, ọ̀nà ya sósì rẹ̀, koríko bo ẹnu méjèèjì. Ọ̀kan ń lọ sókè. Èkejì ń lọ sí etí ọ̀gbun, koríko sì bo etí ọ̀gbun yẹn náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa yan lọ bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ọ̀tún ni, àbí òsì? Kí ni Suwebat ń pe òkúta yẹn? Bí mo bá rántí orúkọ rẹ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn tó kù. Mo pe Adúmáadán, mo rí ara mi tí mo dúró lẹ́sẹ̀ kan, tí mo ń bọ́ bàtà. Mo pe Ìbàdí-àrán, mo gbọ́ òórùn koríko tútù. Ti oríta yìí… mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀la ni o.

Bí Ọlọ́run bá jí wa, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Adébánjọ aládùúgbò wa á fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa níbí ní Danmagaji. Jemima ìyàwó rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti Bọ́lájí ọmọ mi á bọ́ sẹ́yìn. Tí a bá sì sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ igi, gbogbo wọn á yíjú sí mi. Èmi ni amọ̀nà. Èmi! Èmi tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wo gìgísẹ̀ obìnrin kan tó kun làálì, tí mo kàn ń tẹ ibi tó bá tẹ̀.

Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, bàsíà omi ọṣẹ wà níwájú mi, mo ń fọ bàtà. Bàtà kánfáàsì mi àtijọ́. Mi ò tíì wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí Suwebat ti lọ. Òòrùn ti ń wálẹ̀, omi ọṣẹ ti pọ́n. Ilẹ̀ pupa Kufena ni. Ó wà nínú bàtà yìí láti ìgbà wo! Mo ń dà á nù, ó sì ń dùn mí láti dà á nù… Kò burú. Ọ̀la, òmíràn á wọ̀ ọ́.

Ó dára kí ọwọ́ rí nǹkan ṣe. Mo dúpẹ́ pé bàtà ni Ọlọ́run fi sọ iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń ta bàtà ní àdúgbò PZ níbí. Bí mo bá dojú bàtà ènìyàn délẹ̀, mo lè sọ bó ṣe ń rìn. Òun náà ló mú Adébánjọ wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Bàbá Bọ́lájí, ẹ bá mi wá bàtà tó lè gun òkè."

"Òkè wo, Dókítà?"

"Òkè yín náà ni. Èyí tí ìyàwó yín máa ń sọ. Àbí ẹ fẹ́ ká kó kúrò ní Zaria láì fojú kàn án ni?"

Wọ́n ń kó lọ. Ó ti rí iṣẹ́ sí yunifásítì tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlọrin. Lọ́jọ́rú ni ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bàtà tí mo gbé lọ́wọ́ wúwo.

"Ṣé ikùn mi yìí á lè débẹ̀ ṣá?" Ó gbá ikùn.

"Bàtà á gbà yín, Dókítà. Ti òkè ni n ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì fi yọjú. Jemima dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Bọ́lájí, Ìyá Bọ́lájí ṣèlérí ẹ̀ fún mi. Ó ní òun á mú mi lọ kí àwọn ọkọ òun tó wà lórí òkè. Mo ní, ọkọ lórí òkè kẹ̀? Mo rò pé ibà ló ń ṣe é."

Mo ní, "Kò burú."

"Kì í ṣe kò burú la fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ wo?"

Mo dá ọjọ́. Ẹnu mi ló dá ọjọ́, n ò mọ ìgbà tó ṣí. Wọ́n lọ tán kí n tó rántí pé oríta kan wà lórí òkè yẹn.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá? Fún Adébánjọ? Ọjọ́ tí Suwebat ṣubú nínú kíṣìnì, tí n kò mọ ẹni tí mo ń pè, tí mo kàn ń pariwo, òun ló fo ọgbà wọlé. Òun ló gbé e lápá, èmi gbé e lẹ́sẹ̀. Òun ló wakọ̀. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n ní ká dúró síta, mo wo ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọ sílípáàsì. Èkejì wà lásán. Odindi olùkọ́ yunifásítì, láàárín èrò, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kan lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù. Kò mọ̀ rárá. Títí dòní kò mọ̀. Èmi mọ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ yẹn?

Mo fún un ní bàtà tó wá rà. Bàtà kò tó.

Àti Jemima. Ọmọ ìjọ ni, kò mọ nǹkan kan nípa fìdáù, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, òun ni àwọn obìnrin Sabon Gari bá lẹ́yìn ilé tó ń dá iná. Ó ní, "Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe, mo máa ṣe é." Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ, ó ṣì ń bọ̀. Á gbé abọ́ wá, á gbé abọ́ lọ, kì í bi mí léèrè bóyá mo jẹun. Á kàn wo inú abọ́. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Gbogbo ayé ń bi mí pé báwo lara, òun nìkan ló ń wo inú abọ́.

Èmi kì í mọ̀ ọ́n sọ. Suwebat ló máa ń bá mi dúpẹ́. Bí ẹnìkan bá ṣe wá lóore, èmi á ní, "A dúpẹ́," á tán lẹ́nu mi. Òun á gba ọ̀rọ̀ náà, á fi Háúsá lé e, á fi àdúrà lé e, olúwarẹ̀ á lọ sílé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní báyìí, "a dúpẹ́" mi dá wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ọ̀nà yẹn nìkan ni mo ní. Ẹ̀yìn Kufena. Kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi tó tó ẹsẹ̀ lásán ọkùnrin yẹn.

N ò sì gbọdọ̀ mú un lọ já sínú ọ̀gbun.

Kí n ronú. Orúkọ. Níbo ni àwọn orúkọ yẹn ti wá? Ọ̀fà, ìlú mi, ni wọ́n ti wá…

Suwebat, ọmọ Sabon Gari. Ìlọrin ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n níbí ni wọ́n bí òun. Háúsá ló fi ń ṣeré, Háúsá ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń kí àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ àná. Ẹ̀bi mi kọ́ o, èmi náà kò rò ó. Mo mú un lọ Ọ̀fà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ ran àwọn ará ilé lọ́wọ́, ó dúró lẹ́bàá kànga, ó gbé ohùn sókè: "Sànní! Sànní, bá mi gba korobá yìí!"

Gbogbo agbo ilé dákẹ́. Adìyẹ gan-an dákẹ́.

Ìyá mi yọrí lójú fèrèsé. "Ta ló ń pe Sànní?" Nígbà tó rí ẹni tí í ṣe, ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ìgbáròkó mú. "Ẹ gbà mí o! Abdulrahman lọ fẹ́ Gàmbàrí wálé!"

Ọmọ́bísí àbúrò mi, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó ní, "Ìyàwó, èmi ńkọ́? Bó o bá pè mí ní Ọmọ́bísí lásán, o ò ní jẹun lálẹ́ yìí."

Suwebat wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pọ́n. "Hábà, Màígídá. Báwo ni mo ṣe máa há gbogbo ẹ̀ sórí?" Àwọn ìyàwó ilé ló bá a wá orúkọ kalẹ̀. Sànní ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́: Òpèlẹ́ńgẹ́. Yàkúbù eléyín funfun: Eyínfúnjowó. Ọmọ́bísí dúdú, ó ń dán: Adúmáadán. Sarat nídìí: Ìbàdí-àrán. Suwebat ń kà wọ́n lábẹ́ ẹnu títí ọkọ̀ ojú irin wa fi dé Zaria. Ó ń kà wọ́n, ó ń ṣì wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tí a dé ló mú mi gun ẹ̀yìn Kufena fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti mọ ọ̀nà náà láti kékeré, òun àti àwọn ọmọbìnrin Háúsá tí wọ́n jọ ń wá igi. Ó dé iwájú òkúta gíga, ó dúró, ó wò ó. Ó wò mí. Ó ká ìró lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa.

"Òpèlẹ́ńgẹ́, ẹ kú ilé o. Ẹ ò ṣàárẹ̀?"

Mo rò pé òòrùn ti pa á.

"Ẹ dá mi lóhùn, Màígídá! Ẹ ṣe bíi Sànní!"

"…Ìyàwó, káàbọ̀."

"To, ó dáa. Ó ku àwọn yòókù."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kí wọn lọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí Iléyá tó gbé wa lọ Ọ̀fà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kejì ṣì dàrú. Ó dé Ọ̀fà, ó kúnlẹ̀ fún Sarat, ó ní, "Òpèlẹ́ńgẹ́, ẹ kú ilé o." Sarat! Sarat tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ń bẹ̀rù rẹ̀! Sarat ní, "Ìyàwó, ṣé èmi lò ń fi ṣẹ̀sín?" Ìyá mi ní láti wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e, kò ṣi ẹyọ kan. Ó kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n bí sí agbo ilé náà. Ìyá ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Ó ní, "Òkúta ni, Ìyá."

Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè. Kí Bọ́lájí má yọjú sí mi o.

Bọ́lájí kò gba ọ̀nà yẹn rí. Ọ̀dọ̀ ìyá Suwebat ní Sabon Gari la máa ń fi í sí tí a bá ń lọ. Tiwa ni, tèmi àti ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó ń fọ ike omi tí a ó gbé, ó ní, "Dádì, bí ẹ ò bá rántí, ẹ jẹ́ ká gba iwájú. Kò sí ohun tó ṣe iwájú." Ó gbọ́n. Ó ti wo ojú mi, ó ti rí oríta níbẹ̀. Kò sì bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò pè é lórúkọ rí. Ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá ló ti mú un: ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, ojú máa ń tì í. "Yàrínyà" ló ń pè é, ọmọdébìnrin ní Háúsá. Ìyẹn náà ni kò fi lè pè mí ní Bàbá Bọ́lájí bí aráyé ṣe ń pè mí. Màígídá, baálé ilé, ni mo jẹ́. Bọ́lájí á ní, "Mọ́mì, mo lórúkọ o." Á ní, "Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́." Á sì tún ní, "Yàrínyà, gbé omi wá."

Ọjọ́ ìkẹyìn, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó la ojú, ó ní, "Bọ́lájí."

Ọmọ náà gbé fúláàsì lọ́wọ́. Ó bọ́.

"Dádì, ó pè mí."

"Mo gbọ́."

Àwa méjèèjì mọ ohun tí a gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn…

Mo dúpẹ́. Wọn kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́. Ààfáà ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run á fún yín ní sùúrù," èmi ní mo dúpẹ́, ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Kò jẹ̀rora pẹ́. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Alihamudulilahi.

Òòrùn ti kan orí ògiri. Kí n padà sí òkè.

Mo lè lọ wò ó fúnra mi… ìgbà wo? Ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé igi àjàgbọn. Mo lè gba iwájú, kí n pa irọ́ pé ẹ̀yìn nìyí. Adébánjọ kò ní mọ̀. Á gun òkè, á mí, á gbá ikùn, á ní ó dára. Ṣùgbọ́n Jemima á máa wá àwọn àna. Á ní, "Bàbá Bọ́lájí, àwọn ọkọ wa dà?" Kí ni mo fẹ́ fi hàn án? N ò lè pa irọ́ fún ẹni tó ń wo inú abọ́.

Kí n tún kà wọ́n, láti orí àgbà. Sànní, Òpèlẹ́ńgẹ́. Ọmọ́bísí, Adúmáadán. Yàkúbù, Eyínfúnjowó. Sarat, Ìbàdí-àrán. Ó tán. Bàbá mi ti kú kí Suwebat tó dé ilé wa. Ìyá, Ìyá ló ń pè é, kò sọ òkúta kankan ní Ìyá. Ta ló tún kù? Àbí ọmọ bàbá ọkùnrin kan wà tí mo gbàgbé? Mo lè fọwọ́ sọ̀yà, gbogbo òkúta ọ̀nà yẹn ló kí. Kò lè kọjá ọ̀kan láì kí i, ó ní àna kì í fojú fo ẹnìkan. Ó dájú pé ó kí eléyìí náà. Ó dájú. Kí ló ń wí?

Kò wí nǹkan kan…

Ó ti ṣe jẹ́ pé, níbi oríta, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú mi?

Mo bu omi sórí bàtà òsì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́. Ẹ wo ibi tí mo lẹ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èmi ló fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́. Òkúta ló ha á ya. Lọ́dọọdún ni òkúta ń ha ibẹ̀, lọ́dọọdún ni mò ń tún un lẹ̀. Mo máa ń sọ pé ìgbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ìgbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ kọ́. Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iwájú ni a ń gbà, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú.

"Ẹ rọra, Màígídá! Bàtà! Ẹni tó ń ta bàtà ló ń pa bàtà!"

Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rín rẹ̀ ń gbá òkúta, ó ń padà wá. Ó wà ní…

Ẹ̀yìn mi.

Dúró o. Ẹ̀yìn mi. Ní Òpèlẹ́ńgẹ́, iwájú ni ohùn rẹ̀ wà. Ní Adúmáadán, ó ti rékọjá, ó ń na ọwọ́ sí mi. Ní Ìbàdí-àrán, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn, ẹ̀yìn ló ti wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà, ta ló wà níwájú?

Sànní. Ọmọ́bísí. Yàkúbù. Sarat.

Ọmọ márùn-ún ni ìyá mi bí.

Márùn-ún. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà wọ́n, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbàlagbà, tó kàwé tó jáde sẹ́kọ́ńdírì, mo ń ka àwọn ọmọ ìyá mi, n ò ka ara mi mọ́ wọn!

Èmi ni òkúta oríta yẹn.

Ó kí i. Mo rí i báyìí. Ó máa ń dé ibẹ̀, á dúró lójijì, á ká ìró lẹ́sẹ̀, á kúnlẹ̀. Kò ní pe orúkọ. Orúkọ wo ni ó fẹ́ pè? Àwọn ìyàwó Ọ̀fà bá a wá orúkọ fún gbogbo ilé, wọn kò bá a wá tèmi, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tí ó ń wá orúkọ fún. Á dákẹ́ síwájú òkúta náà, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Èmi rò pé èémí ló ń wá. Á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní:

"Ẹ máa níwájú."

Lọ́dọọdún. Ẹ máa níwájú. Èmi, tí mo ń sọ fún ara mi pé gìgísẹ̀ obìnrin ni mo fi mọ ọ̀nà, èmi á kàn kọjá lára rẹ̀, èmi á wọlé sáàárín koríko, n kò tilẹ̀ ní béèrè bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, nítorí pé ó wà lẹ́yìn mi, ó ń fi bàtà mi rẹ́rìn-ín. Kò tọ́ mi sọ́nà níbẹ̀ rí. Ibi tó le jù lórí gbogbo òkè yẹn, ibi tí ọ̀gbun wà, ibẹ̀ ló ti ń fi ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kò sì bẹ̀rù. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Suwebat. Suwebat!

Mo gbé bàtà náà sókè. Bàtà òsì ni. Ẹ̀gbẹ́ ìta ni. Bí òkúta bá ń ha ẹ̀gbẹ́ ìta bàtà òsì mi, a jẹ́ pé apá òsì mi ni òkúta wà nígbà tí mo ń kọjá. Bí òkúta bá wà lápá òsì mi…

Ọ̀tún. Ọ̀tún òkúta ni mo ń gbà.

Ọ̀tún ni. Ọ̀nà náà há lẹ́nu, ó há tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń fẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ó là, atẹ́gùn á fẹ́ sí ọ lójú, ihò tí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń lọ ọkà á wà níbẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo rí èso dàbínò tí Suwebat so mọ́ etí ìró, mo rí i tó ń tú u, tó ń fún mi ní tèmi kó tó jẹ tirẹ̀.

Ìrun màgàríbì ti ń sún mọ́lé. Láti mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, ẹnìkan ń nu ọ̀fun. Mo da omi pupa nù sídìí igi ìbẹ́pẹ. Mo gbé bàtà méjèèjì lé orí ògiri, ojú wọn sókè. Wọn kò ní gbẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò burú. Bàtà tútù kì í pa ènìyàn.

N ò ní sọ nǹkan kan fún wọn lálẹ́ yìí. Lọ́la, mà á fi Òpèlẹ́ńgẹ́ han Jemima, kó kí i. Mà á dáhùn bíi Sànní bó bá fẹ́. Mà á mú Adébánjọ bọ́ bàtà lórí Adúmáadán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lásán pọ̀, mà á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má yọ̀. Bóyá mà á rí ọ̀rọ̀ sọ fún un níbẹ̀. Bí n kò bá rí i, mà á di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa.

Tí a bá dé oríta, mà á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà mà á gba ọ̀tún, mà á sì jẹ́ kí òkúta ha bàtà mi níbi tó ti máa ń ha á. Bọ́lájí á rò pé mo ṣèèṣì. Á pariwo láti ẹ̀yìn mi:

"Dádì, ẹ rọra!"

Mà á ní, "Mo gbọ́. O ṣé."